Ìgbafẹ́ Ọjọ́ Mẹ́ta: Ìnákúnàá Ni Bí?

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò lójú ìwé yìí. Ọ̀rọ̀ náà rèé: ǹjẹ́ ó tọ́ kí ìyá àgbà tí bùkátà wà lọ́rùn rẹ̀ mú owó jáde, kí ó sì lo odidi ọjọ́ mẹ́ta ní ìlú mìíràn, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò kú níbẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò gbéyàwó, tí kò rà, tí kò sì tà? Kí ó kàn lọ wo ohun tó wà níbẹ̀, kí ó jẹun, kí ó jókòó sábẹ́ igi, kí ó sì padà sílé?

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò ti dáhùn kí wọ́n tó ka ìbéèrè náà tán. Wọn yóò ní, "Ìnákúnàá pátápátá ni." Ìdáhùn yìí kì í ṣe àjèjì sí wa, òun ni wọ́n fi tọ́ wa dàgbà. Nígbà tí a wà lọ́mọdé, obìnrin tí wọ́n bá rí tó káwọ́ lẹ́rán lọ́sàn-án gangan, ọ̀lẹ ni wọ́n ń pè é. Ṣùgbọ́n nítorí pé ìdáhùn kan ti pẹ́ kò ní kí a má tún un wò. Ẹ jẹ́ kí a fi sùúrù tú u palẹ̀.

Àwa ará Ìwó sún mọ́ Ìbàdàn. Nǹkan bíi kìlómítà 45 ni ọ̀nà náà. Ọkọ̀ yóò gba Lálúpọn kọjá, kò sì ní pẹ́ tí yóò fi já wa sí Iwo Road, níbi tí wọ́n ti fi orúkọ ìlú wa pe gbogbo àdúgbò. Ṣùgbọ́n tí a bá kúrò ní Iwo Road, kí ni a mọ̀ ní Ìbàdàn? A mọ UCH nítorí àìsàn. A mọ Dùgbẹ̀ àti Bódìjà nítorí ọjà. A mọ gbọ̀ngàn àríyá nítorí ìgbéyàwó ọmọ ọ̀rẹ́. Gbogbo ìgbà tí a bá lọ ni ẹrù wà lórí wa, tí ọkàn wa sì wà nílé. A ti lọ sí Ìbàdàn nígbà ọgọ́rùn-ún, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wa kò tíì rí Ìbàdàn.

Lọ́dún tó kọjá, àwa mẹ́jọ nínú ẹgbẹ́ dá àjọ kékeré kan. Oṣooṣù ni a ń dá a, ohun tí kò ní ni ẹnikẹ́ni lára, nítorí púpọ̀ wa ló jẹ́ pé owó ìfẹ̀yìntì la fi ń jẹun, owó náà kì í sì í tètè dé. Nígbà tí ọdún yí po, a fi owó náà lọ lo ọjọ́ mẹ́ta ní Ìbàdàn. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ṣe ṣètò rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni àríyànjiyàn ti bẹ̀rẹ̀.

Òfin kan ni a fi lélẹ̀: ohun ńlá kan ṣoṣo láàárọ̀, oorun lọ́sàn-án, ohun kékeré kan nírọ̀lẹ́. Kò sí ìkánjú. Ẹni tí orúnkún bá ń dùn yóò jókòó, àwọn yòókù yóò sì dúró dè é.

Ọjọ́ kìíní, Kúdẹtì ni a kọ́kọ́ lọ. Ibẹ̀ ni David Hinderer àti Anna ìyàwó rẹ̀ fìdí kalẹ̀ sí ní 1853, tí wọ́n sì kó àwọn ọmọ jọ láti kọ́ wọn ní ìwé. Láti ibẹ̀ a gun Òkè Màpó, níbi tí gbọ̀ngàn ńlá tí wọ́n ṣí ní 1929 dúró sí. Nírọ̀lẹ́, a dé Òkè Ààrẹ, níbi ilé ìṣọ́ gíga tí wọ́n kọ́ ní 1936 ní ìrántí Captain Bower, òyìnbó àkọ́kọ́ tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi ṣe aṣojú rẹ̀ ní Ìbàdàn láti 1893. Bower yìí náà ló yin àgbá lu ìlú Ọ̀yọ́ ní 1895. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi sọ ilé náà, ṣùgbọ́n àwọn ará Ìbàdàn kò fi pè é. Àtẹ̀gùn inú rẹ̀ tó ń yí po ni wọ́n wò, wọ́n sì sọ ọ́ ní Láyípo. Àwa mẹ́ta gùn ún dókè, a rí òrùlé páànù ìlú náà lọ salalu. Àwọn yòókù jókòó nísàlẹ̀, wọ́n ń jiyàn bóyá ó tọ́ kí a máa fi orúkọ alágbára pe ilé. Láàárín iṣẹ́ ilé àti ọjà, ìgbà wo ni wọ́n ìbá ráyè irú ìjiyàn bẹ́ẹ̀?

Ọjọ́ kejì, a lọ sí mùsíọ́ọ̀mù ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Aléṣinlọ́yẹ́, èyí tí wọ́n ṣí ní 2002. Ẹnìkan nínú wa kò fẹ́ wọ yàrá tí wọ́n kó ẹ̀kú eégún sí. A kò fi ipá mú un, a kò sì fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ó dúró lóde. Èrò tèmi ni pé wíwo nǹkan kì í ṣe sísìn ín, àti pé ẹni tí kò mọ ohun tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ kò lè sọ ìdí tí òun fi fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rí ọkàn ẹnìkejì kì í ṣe ohun tí à ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ nítorí ìgbafẹ́.

Yàrá ìkòkò ni gbogbo wa pẹ́ sí jù. Obìnrin ló ń mọ ìkòkò nílẹ̀ Yorùbá. Títí di òní ni wọ́n ṣì ń mọ ọ́n ní Ìpetumodù. Ìkòkò ọbẹ̀, ìkòkò àgbo, àmù omi: ohun tí ìyá wa ń lò lójoojúmọ́, tí kò sẹ́ni tó kà á sí. Púpọ̀ nínú irú ìkòkò bẹ́ẹ̀ ni a kò mọ orúkọ ẹni tó mọ ọ́n, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ dúró, àwọn àlejò sì ń sanwó láti wá wò ó. Ọ̀kan nínú wa sọ pé, "Irú àmù yìí wà nílé wa. Ìgbà tí a ra fíríìjì la gbé e jù sẹ́yìnkùlé." Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Olúkúlùkù ló ń ronú ohun tí òun náà ti gbé jù sẹ́yìnkùlé.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, a dúró níwájú Cocoa House ní Dùgbẹ̀. Àjà 26 ni. Nígbà tí wọ́n ṣí i ní 1965, kò sí ilé tó ga tó o ní apá ibi tí a wà yìí ní Áfíríkà. Iná jó o ní January 1985, wọ́n sì tún un ṣe, wọ́n ṣí i padà ní 1992. Owó kòkó àwọn àgbẹ̀ ìwọ̀-oòrùn ni wọ́n fi kọ́ ọ. Ẹ wo bí bàbá àti ìyá wa ti ṣe fọ́ kòkó, tí wọ́n sá a, tí wọ́n rù ú lọ sí ìwọ̀n. Òógùn wọn ló dúró síbẹ̀ yẹn. A ti gba abẹ́ rẹ̀ kọjá láìmọye ìgbà pẹ̀lú ẹrù ọjà, tí a kò gbé orí sókè.

Ọjọ́ kẹta ni ti ọgbà. Láàárọ̀, a lọ sí Yunifásítì Ìbàdàn, níbi tí ọgbà igi àti ọgbà ẹranko wà. Ọdún 1948 ni wọ́n dá yunifásítì náà sílẹ̀, àwọn ẹranko díẹ̀ tí wọ́n fi ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ló di ọgbà ẹranko. Nírọ̀lẹ́, a jókòó ní ọgbà Agódi, èyí tó ti wà láti 1967. Omíyalé Ògùnpa ti 1980 gbá púpọ̀ nínú ẹranko rẹ̀ lọ, ọgbà náà sì di ahoro fún ìgbà pípẹ́ kí wọ́n tó tún un ṣe, tí wọ́n ṣí i padà ní 2014. A jókòó sórí koríko lẹ́bàá omi títí oòrùn fi fẹ́ wọ̀. Kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀ púpọ̀.

N kò ní gbàgbé oúnjẹ. Àwọn àgbà ní ibi gbogbo ni à ń dá iná alẹ́, ọbẹ̀ ló dùn ju ara wọn lọ. Àmàlà dúdú tó gbóná, gbẹ̀gìrì àti ewédú, pẹ̀lú ẹran ògúnfe, ní Bódìjà! Adùn rẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n ohun mìíràn ló wọ̀ mí lára. Àwa tó jókòó yìí, kò sí ẹni tí kò tíì ro ọkà fún ogójì ọdún nínú wa. Èyí ni ìgbà àkọ́kọ́ tí ọ̀pọ̀ wa yóò jókòó tí ẹlòmíràn yóò gbé oúnjẹ síwájú wa, tí a kò sì ní dìde lọ fọ abọ́. A kí obìnrin tó ro ọkà náà, a sì san owó lé owó rẹ̀, nítorí a mọ bí iná orógùn ṣe ń rí lára.

Báyìí ni a ṣe ṣe é. Nígbà tí ìròyìn rẹ̀ dé inú ẹgbẹ́, ẹjọ́ bẹ̀rẹ̀.

Àwọn kan ní owó náà ìbá ti ran opó lọ́wọ́, ìbá ti san owó ilé-ìwé ọmọ kan. Ó rọrùn fún wa láti dáhùn pé iye tí a ná kò tó èyí tí à ń ná sórí aṣọ ẹbí àti ankó lọ́dún kan. Òótọ́ ni. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé òde kì í ṣe ìsinmi. Bàtà ń fún ẹsẹ̀, ariwo ń fọ́ etí, ó sì máa ń rẹ̀ wá nígbà tí a bá dé ju ìgbà tí a lọ. Ṣùgbọ́n ìdáhùn yẹn kò tó. Nítorí pé ẹnìkan ń ṣòfò lápá ọ̀tún kò ní kí n ṣòfò lápá òsì. Tí ìgbafẹ́ bá dára, kí ó dára fúnra rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a gbọ́ ti John Wesley, ẹni tí kì í fi ọ̀rọ̀ owó ṣeré. Nínú ìwàásù rẹ̀ lórí bí a ṣe ń lo owó, tó tẹ̀ jáde ní 1760, ó kìlọ̀ pé kí a má ná owó láti fi tẹ́ ojú lọ́rùn lásán. Ó ka àwọn ohun tó ń bá wí: aṣọ olówó ńlá, àwòrán olówó iyebíye, títí dé orí ọgbà tí a ṣe fún ẹwà ju ìwúlò lọ. Ẹ gbọ́, ó dárúkọ ọgbà! Síbẹ̀, bàbá yìí kan náà kọ ọ́ sínú ìwé ìrántí rẹ̀ pé ní 1776 òun lo nǹkan bíi wákàtí méjì nínú ọgbà ńlá kan ní Stourton, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní December 1780, ó wọ British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù, ó rìn láti yàrá dé yàrá, ó wo ìwé àti ẹranko tí wọ́n kó síbẹ̀. Nígbà tó jáde, ìbéèrè tó gbà á lọ́kàn ni irú ìṣirò tí ẹni tó fi gbogbo ayé rẹ̀ kó irú nǹkan bẹ́ẹ̀ jọ yóò ṣe níwájú Onídàájọ́.

Ohun tí mo rí nínú èyí ni pé Wesley kò bu ẹni tó lọ wo nǹkan. Òun náà lọ wò ó. Ìṣirò ló béèrè. Ohun tó yẹ kí àwa náà béèrè nìyẹn. Kì í ṣe "Ṣé mo gbádùn?" bí kò ṣe "Ìṣirò wo ni n ó ṣe nípa rẹ̀?"

Gẹ́gẹ́ bí tíṣà, mo lè ṣe apá kan ìṣirò náà. Kò sí ilé-ìwé tí kò ní àkókò tí wọ́n ń lu agogo kí àwọn ọmọ jáde lọ ṣeré. Kò sí ọ̀gá ilé-ìwé tó pe àkókò náà ní òfò. Ó wà lára iṣẹ́ ọjọ́. Ọmọ tí a kò jẹ́ kó jáde yóò jókòó sórí àga títí agogo méjì, ṣùgbọ́n lẹ́yìn agogo mọ́kànlá, ohunkóhun kò ní wọ orí rẹ̀ mọ́. Àgbà náà ní irú àkókò bẹ́ẹ̀ lára. Ìyá tí kò sinmi á máa kanra mọ́ ọmọ, á máa kanra mọ́ ọkọ, á sì rò pé ìwà wọn ló burú.

Ṣùgbọ́n ìbéèrè tó le jù kò wá láti ẹnu àwọn tó ń bá wa wí. Ẹnìkan tó ń bá wa yọ̀ ló béèrè rẹ̀, kí a tó lọ rárá. Arábìnrin wa kan wà tí àrùn rọpárọsẹ̀ dá ọkọ rẹ̀ gúnlẹ̀. Ó ti di ọdún kẹrin tí kò sun ibòmíràn. Nígbà tó gbọ́ ètò wa, ó ní, "Ẹ̀yin ìyá mi, ó dára, ẹ ó lọ re, ẹ ó bọ̀ re. Ṣùgbọ́n ká ní èmi ni, ta ni yóò máa gbé bàbá wọn dìde?"

Ọ̀rọ̀ yìí pa wá lẹ́nu mọ́. Nítorí òtítọ́ ibẹ̀ ni pé kò sí ìyá tó lè kúrò nílé láìjẹ́ pé ẹnìkan gba ẹrù rẹ̀ rù. Ìyàwó ọmọ ni, tàbí ọmọ-ọmọ, tàbí ọmọ ọ̀dọ̀ tí kò lẹ́nu ọ̀rọ̀. Tí mo bá lọ gbafẹ́ ní Agódi, tí ọmọbìnrin ọlọ́dún méjìlá kò sì lọ sí ilé-ìwé fún ọjọ́ mẹ́ta nítorí ó ń bá mi bójú tó ilé, n kò sinmi. Mo kàn gbé àárẹ̀ mi lé e lórí ni. Ẹ tún òfin ìsinmi wò nínú Ẹ́kísódù. Kò ní kí ọ̀gá sinmi kí ìránṣẹ́ máa ṣiṣẹ́ lọ. Ó ka ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin, ìránṣẹ́ lọ́kùnrin lóbìnrin, ohun ọ̀sìn, títí kan àlejò tó wà nínú ilé. Gbogbo wọn ni yóò sinmi. Ibẹ̀ ni ìṣirò náà wà.

Èyí ni a ṣe. Méjì nínú àwa mẹ́jọ yọ̀ǹda ààyè wọn fúnra wọn. Wọ́n ń pín ọjọ́ ṣe lọ́dọ̀ bàbá náà, wọ́n ń se oúnjẹ, wọ́n ń bá a tàkúrọ̀sọ. Ọmọkùnrin rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ní Òṣogbo gba ààyè lẹ́nu iṣẹ́, ó wá ń wẹ̀ ẹ́, ó sì ń sùn tì í. Àwa yòókù pín owó arábìnrin wa láàárín ara wa. Bàbá fúnra rẹ̀ ló ní, "Ẹ jẹ́ kó lọ. Kó wá ròyìn fún mi." Àwa méje la wọ ọkọ̀. Lálẹ́ ọjọ́ kìíní, arábìnrin wa sùn láti agogo mẹ́jọ títí ilẹ̀ fi mọ́. Nígbà tó délé, ìròyìn tó mú bọ̀ tó wọn fún ọ̀sẹ̀ kan. Bàbá ti ṣiṣẹ́ ní Dùgbẹ̀ nígbà èwe rẹ̀. Bó ti ń sọ ọ́, bẹ́ẹ̀ ni bàbá ń tún un ṣe fún un pé kì í ṣe apá ibẹ̀, apá ibí ni. Ó sọ fún wa pé ó ti pẹ́ tí àwọn méjèèjì ti bá ara wọn sọ ọ̀rọ̀ tí kì í ṣe ti oògùn.

Owó àwọn méjì tó dúró ṣì wà nínú àpò àjọ. Àwọn ni yóò kọ́kọ́ lọ nígbà mìíràn, méjì nínú àwa tó lọ ni yóò sì dúró. Àdéhùn ni, a ti kọ ọ́ sílẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin ìyá, ìdáhùn tèmi sí ìbéèrè òkè yìí rèé. Ìgbafẹ́ kì í ṣe ìnákúnàá nítorí pé kò mú èrè owó wá. Ó di ìnákúnàá nígbà tí a bá yá owó ṣe é, nígbà tí a bá sáré la gbogbo rẹ̀ já kí a lè sọ pé a débẹ̀, àti nígbà tí ẹni tó gba ẹrù wa rù nílé kò bá ní ọjọ́ tirẹ̀ láéláé. Tí a bá yẹra fún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí, a lè lọ wo ìkòkò, kí a jẹ àmàlà, kí a jókòó sábẹ́ igi pẹ̀lú ọkàn tó mọ́.

Kì í ṣe dandan kí ó jẹ́ Ìbàdàn. Abẹ́òkúta wà níbẹ̀ pẹ̀lú Òkè Olúmọ. Ilé-Ifẹ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú mùsíọ́ọ̀mù tirẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ àjọ náà lóṣù yìí, bó ti wù kó kéré mọ. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó mú ọjọ́, ẹ jókòó, kí ẹ wo ojú ara yín, kí ẹ sì béèrè èyí tó ṣe pàtàkì jù: ta ni yóò dúró nílé, ìgbà wo ni yóò sì kan òun náà?